Nọ́ńbà Ológbò Ẹ Láàárọ̀ Yìí

Ọmọ mi obìnrin,

Mo kí ẹ, mo kí iṣẹ́, mo kí ìjáde òwúrọ̀ àti àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, mo kí gbogbo àtẹ̀gùn tó ò ń gùn kó o tó dé yàrá ẹ. Ṣé ò ń rí oorun sùn? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́ tuntun yẹn ti ń fojú rere wò ẹ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ bó ṣe rẹ̀ mí. Tó o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, mo wà láàyè, ọpẹ́ ni, eegun ẹ̀yìn nìkan ni ò fẹ́ kí n gbádùn, ojú náà sì ti ń ṣe bàìbàì, òwú kì í tètè wọ ihò abẹ́rẹ́ mọ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà ni pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ò gba inú fóònù. Tó o bá pè láàárọ̀, kí n tó dá ẹ lóhùn tán pé mo jí dáadáa, o ti ń béèrè nọ́ńbà ṣúgà Olóyè, ológbò ẹ, bí mo bá sì ti dárúkọ nọ́ńbà náà báyìí, wàá ní ó dáa Bàbá, mò ń sáré, ó parí nìyẹn. Ti ìrọ̀lẹ́ náà ò yàtọ̀. Mi ò bínú o. Kí ológbò yìí tó dé, ṣe ni fóònù mi máa ń jókòó sórí tábìlì bí òkúta, mo tiẹ̀ máa ń gbé e sétí nígbà míì kí n gbọ́ bóyá ó ṣì ń mí. Ní báyìí ó ń dún láàárọ̀, ó tún ń dún nírọ̀lẹ́, àwọn oníbàárà mi sì ń sọ pé ọmọ mi fẹ́ràn mi gan-an. Mi ò sọ fún wọn pé ológbò lò ń pè.

O rántí ọjọ́ tó o gbé Olóyè dé nínú apẹ̀rẹ̀, tó o ní ó ní àtọ̀gbẹ, pé iṣẹ́ tuntun yìí ò ní jẹ́ kó o máa wà nílé lásìkò abẹ́rẹ́ rẹ̀. O fi bí mo ṣe máa ṣe é hàn mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ sì ń fọn fèrè níta. O ní, télọ̀ ni yín Bàbá, abẹ́rẹ́ ò lè ṣòro fún yín. Òótọ́ ni, abẹ́rẹ́ ni mo fi tọ́ ẹ dàgbà, ṣùgbọ́n aṣọ kì í bojú wẹ̀yìn wo èèyàn téèyàn bá ń gún un.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, kó o lè mọ̀ pé mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Màá fi áyọ́ọ̀nù yá àkísà kékeré kan kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá fi bo etí Olóyè kí ẹ̀jẹ̀ lè sún síwájú. Màá gbé e lé ẹsẹ̀, màá fa etí náà síbi gílóòbù ẹ̀rọ ìránṣọ mi kí n lè rí iṣan pupa tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, màá wá ki irin tí mo máa ń dé sórí ìka nígbà tí mo bá ń fọwọ́ ránṣọ bọ ẹ̀yìn etí náà, kí abẹ́rẹ́ tó bá gba etí rẹ̀ kọjá má baà wá bá èmi náà. Màá tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Màá gún un. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín á yọ, pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà á fà á mu fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ náà á rò ó díẹ̀, nọ́ńbà á sì jáde. Lẹ́yìn ìyẹn lá jẹun, tó bá ń jẹun lọ́wọ́ ni màá ká awọ ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń ká aṣọ, tí màá fún un ní ínsúlínì, oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀.

Ohun kan ò yé mi títí dòní. Mo máa ń kó ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà yẹn àti fóònù mi sínú abọ́ kan náà kí n tó lọ sùn, kí wọ́n lè bára wọn sọ̀rọ̀, kí nọ́ńbà lè máa bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ tààrà. Síbẹ̀ o ṣì máa ń béèrè. Àwọn méjèèjì ní bátìrì, àwọn méjèèjì ní gíláàsì lójú, wọ́n tiẹ̀ jọra bí ọmọ ìyá. Bóyá fóònù mi ló ń gbéraga.

Ọ̀rọ̀ ínsúlínì náà ló wá dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. O ní ibi tó tutù ni kí ìgò náà máa wà, o sì mọ̀ pé mi ò ní fìríìjì. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà nílé kejì ló ní in, ibẹ̀ ló ń kó bọ́tà rẹ̀ sí. Mo sọ fún un pé oògùn aláìsàn ni, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wá nínú sọ́sà, á kúnlẹ̀ ti Olóyè, á bi í pé ara ńkọ́, ṣé ó ti ń fúyẹ́ díẹ̀. Èmi ní tèmi, tí mo bá ti gún ẹranko náà tán, màá lọ sinmi sórí àga, màá sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jọ máa ṣeré.

Nọ́ńbà ò wálẹ̀. Irinwó, nígbà míì ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olóyè ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀, ó ń tọ̀ sórí aṣọ oníbàárà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbé e mọ́, gìgísẹ̀ ló fi ń rìn. Ìwọ náà á gbọ́ nọ́ńbà, ohùn ẹ á rẹ̀wẹ̀sì. O ní kí n fi ìlà kan kún oògùn inú sìríńjì, mo fi kún un. O tún ní kí n fi kún un, mo tún fi kún un. Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ó rẹ̀ mí débi pé mo rán apá aṣọ ọkùnrin kan mọ́ ibi tó yẹ kí ọrùn wà, onítọ̀hún wọ̀ ọ́ wò níwájú mi, kò sì mọ ibi tó máa gbé orí gbà. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Mò ń rò ó pé tí ológbò yìí bá kú sí mi lọ́wọ́, ojú wo ni màá fi wò ẹ́, kí la sì tún máa jọ máa sọ, èmi pẹ̀lú ẹ?

Àfìgbà tí bọ́tìnnì kan já bọ́ tó yí wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú un, agolo mílíìkì oníṣúgà ni mo bá níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, wọ́n tò ó bí ẹni fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo bi Ìyá Oníbúrẹ́dì. Kò tiẹ̀ sẹ́. Ó ní ta ló máa ń lọ wo aláìsàn lọ́wọ́ òfo, àti pé ẹni tí wọ́n bá gún lábẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ rí nǹkan dídùn fi ẹnu lá lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé. Ó tún ní òun nìkan kọ́. Ọkùnrin ọlọ́dẹ tí sòkòtò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi ti mú bisikíìtì wá. Ìyàwó dírẹ́bà àdúgbò wa po gúlúkóòsì sómi, ó ní ara Olóyè nílò okun. Gbogbo àdúgbò ló ti ń bẹ ológbò yìí wò, èmi sì rò pé aṣọ wọn ni wọ́n ń bá wá! Èmi ń fi abẹ́rẹ́ lé ṣúgà jáde níwájú, àwọn ń fi ṣíbí rọ ọ́ wọlé lẹ́yìn.

Mo jágbe mọ́ wọn. Mo gé páálí, mo fi ṣọ́ọ̀kì aṣọ kọ ọ́ gàdàgbà pé OLÓYÈ KÌ Í JẸ NǸKAN DÍDÙN, mo so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo kó gbogbo ohun dídùn inú ilé dànù, títí kan ṣúgà tí mò ń fi mu tíì tèmi. Ìyá Oníbúrẹ́dì bínú. Ojú fèrèsé ló ti ń na ìgò oògùn sí mi, kò sì kí mi mọ́. Mo rò pé mo ti gba Olóyè là. Mi ò rántí pé a ti dá mílíìkì dúró ṣùgbọ́n a ò tíì dín oògùn tí a torí mílíìkì bù kún.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mò ń ṣẹ́ etí sòkòtò ọlọ́dẹ yẹn lọ́wọ́, Olóyè dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó ṣubú, ọrùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀lẹ́. Mo gún etí rẹ̀. Nọ́ńbà tó jáde kéré ju nọ́ńbà bàtà mi lọ. Mo pè ẹ́, o ò gbé e. Mo tún pè ẹ́, obìnrin inú fóònù yẹn ló dáhùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́ sáré wá ẹ lọ, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó tún fi ń sọ ti tẹ́lẹ̀. Obìnrin yẹn ò láàánú rárá, má fi nǹkan kan sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wá rántí ohun tó o sọ nígbà tó o ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, pé tó bá ṣubú báyìí, kí n fi nǹkan dídùn ra èrìgì rẹ̀ kíákíá. Nǹkan dídùn! Nínú ilé tí mo ti lé gbogbo rẹ̀ jáde! Èmi tí eegun ẹ̀yìn ò jẹ́ kí n rìn, mo gbé Olóyè mọ́yà, mo sáré wọ ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì. Kò béèrè ohunkóhun. Ó fa ìkòkò omi ṣúgà tó máa ń fi kun ojú búrẹ́dì, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó ń fi ra èrìgì Olóyè díẹ̀díẹ̀, èmi di orí rẹ̀ mú. Ó pẹ́ díẹ̀, ahọ́n Olóyè yọ, ó lá ìka obìnrin náà. Mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, mo sunkún bí ọmọdé. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kí n dìde, pé mò ń ba ìyẹ̀fun òun jẹ́.

Bá a ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko nìyẹn, òun ló pè ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe, mo kọ pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Níbi ẹ̀sìn, mo fi í sílẹ̀, mi ò bi í rí. Nígbà tó kan ibi ìbuwọ́lù, mo tọrọ yíǹkì, mo fi ẹsẹ̀ Olóyè tẹ̀ ẹ́, ó sì hàn dáadáa, gbogbo ìka rẹ̀ ló yọ. Obìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú, ó gbé e lọ han àwọn tó kù. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, bóyá wọn ò tíì rí aláìsàn tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà dín oògùn náà kù gan-an. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà ń wálẹ̀, ó sì ń dúró síbi tó yẹ. Olóyè ti ń gun orí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò fi gìgísẹ̀ rìn mọ́. Dókítà ní ara àwọn ológbò kan máa ń padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, pé tó bá ń lọ báyìí, a lè dá abẹ́rẹ́ dúró, a ò sì ní máa gún etí rẹ̀ lójoojúmọ́ mọ́. Mo ní a dúpẹ́. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ bọ̀ wálé, mo jókòó, inú mi ò sì dùn tó bó ṣe yẹ kó dùn. Mò ń rò ó pé tí kò bá sí nọ́ńbà mọ́, kí ni wàá máa bi mí láàárọ̀? Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń lé ẹ kiri. Mi ò bá ẹ jà, bó ṣe rí lára mi ni mò ń sọ.

Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ fún pépà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, má fi gba inú fóònù, nítorí òun àti ẹ̀rọ yẹn ò tíì rẹ́, mi ò fẹ́ kó gbé owó pamọ́ fún mi. Fún dírẹ́bà kó bá mi mú un bọ̀. Fi ti òwú dúdú kún un, àti ti bọ́tà tí màá rà fún Ìyá Oníbúrẹ́dì, torí mo jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀. Mo mọ̀ pé dókítà ní a ò ní lo pépà púpọ̀ mọ́. Ṣáà fi ránṣẹ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjáde ẹ, á máa ṣọ́ ìwọlé ẹ. Iṣẹ́ ò ní pa ẹ́. Ẹsẹ̀ tó o fi ń sáré kiri yìí, ire ni yóò máa bá pàdé. Ẹni tí yóò tọ́jú ẹ bó o ṣe ń tọ́jú ẹranko yìí ò ní pẹ́ dé, àmín.

Ó ku ohun kan. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo wọn ti Olóyè tán, mo mú pépà mìíràn, mo mú abẹ́rẹ́ tuntun, mo gún ìka ara mi. Ó dùn mí gan-an, mo sì tún bẹ Olóyè fún gbogbo èyí tí mo ti gún un sẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà rò ó díẹ̀, nọ́ńbà jáde. Má fòyà, kì í ṣe èyí tó ń dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí. Tó o bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, pè mí láàárọ̀.

Èmi ni,
Bàbá ẹ.