Báàfù Ọ́ìlì Ràkúnmí

Àìkú, 10 Oṣù Kọkànlá, 2024
Ràkúnmí máa lọ. Mọ́nsúrù àbúrò mi pè láti Èkó — ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra jíìpù Àgbà, ọkùnrin kan tó ń dáko ní Alábàtà. Àìkú tó ń bọ̀ ni yóò wá wò ó. Àgbà ni bàbá wa. Ràkúnmí ni jíìpù wọn. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní kékeré, nítorí bó ṣe máa ń gbé wa fì lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà tí a bá ń lọ kó ìrẹsì. Àgbà ní, "Ẹ tà á."

Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò sì yéé wakọ̀. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ràhámátù, aládùúgbò wa. Ọlọ́run ló yọ Ràhámátù. Mo fẹ́ kí Ràkúnmí lọ. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà yí ohùn padà.

Ọjọ́rú, 13
Àgbà ò jẹun alẹ́. Wọ́n ní àwọn ti yó.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo ra gíà ọ́ìlì — ti gíábọ́ọ̀sì, ti dífíréńṣà ẹ̀yìn. Kó kúrò nílé wa ní pípé. Mi ò pe mẹkáníìkì. Àgbà ti kọ́ mi níṣẹ́ yìí kí n tó kọ́ àdìrẹ: tú bóòtù òkè ná, ibi tí a ń gbà rọ ọ́ìlì, kí o tó tú tìsàlẹ̀. Bí tìsàlẹ̀ bá ti dà tán tí tòkè wá kọ̀, ọkọ̀ ò ṣeé gbé nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi wáàsí.

Jímọ́ọ̀, 15
Dífíréńṣà ò dà mí láàmú. Ọ́ìlì rẹ̀ dúdú bí aró. Mo rọ tuntun, mo dí i. Gíábọ́ọ̀sì — bóòtù òkè tú wọ́ọ́rọ́wọ́, tìsàlẹ̀ náà. Mo gbé báàfù aró mi sábẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń kán nígbà tí wọ́n pe ìrun. Mo ní kó máa kán, n óò rọ tuntun tí mo bá ti mọ́sálásí dé.

Mo dé, Ràkúnmí ò sí. Àwọn tí mọ́sálásí ò gbà, tí wọ́n máa ń kírun níwájú ilé wa, ń ká ẹní wọn. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i: gíábọ́ọ̀sì ń ké bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Àgbà gbé e dé, wọ́n pa á. Wọ́n ní àwọn gbé e kúrò kí àwọn èèyàn lè ríbi kírun. Àwọn ò ríbi gbé e sí, làwọn ṣe gbé e dé Pánṣẹ́kẹ́ lọ́hùn-ún. Àgbà, tí kì í pa Jímọ́ọ̀ jẹ.

Mo ní ọ́ìlì ò sí nínú ẹ̀! Wọ́n ní, "Ojú mi ò ríran mọ́, Lubabah. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Àbámẹ́ta, 16
Mo rọ ọ́ìlì tuntun. Gíà kejì ò wọlé mọ́, ẹ̀kẹta ń pariwo. Mo fa díẹ̀ jáde wò — èérún irin ń dán nínú ẹ̀. Mọ́nsúrù ní lórí fóònù, "Àǹtí mi, bàbá ò mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe mọ́." Mo ní òótọ́ ni.

Àìkú, 17
Ọkùnrin Alábàtà wá. Ó wa Ràkúnmí wò; kò dé kọ́nà tó fi yí padà. "Ẹ má bínú, mà. Gíábọ́ọ̀sì yìí ti kú." Ó lọ.

Àgbà jẹ ìrẹsì. Wọ́n tún bù sí i.

Ajé, 18
Mo fẹ́ lọ da ọ́ìlì àtijọ́ nù. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo fi báàfù sí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ti bá a, pákó lórí ẹ̀, òkúta lórí pákó. Ó kún. Ẹ̀kán kan ò ta sílẹ̀.

Ìyá Ràhámátù rí mi níbi tí mo dúró sí. Ó ní, "Bàbá ló gbé e síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ jáde. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn gbé e."

Wọ́n rí i nìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé gíábọ́ọ̀sì ti gbẹ. Wọ́n wà á lọ, wọ́n wà á bọ̀.

N kò ní í sọ fún Mọ́nsúrù.

Àgbà wà nínú Ràkúnmí, nídìí sítíárìn, rédíò lórí itan. Ọkọ̀ náà ò ní í lọ síbì kankan mọ́, Àgbà náà ò sì ní í lè wà á. Mo ní kí n bínú. Ìbínú ò wá. Inú mi dùn, ó sì yà mí lẹ́nu. Mo ṣílẹ̀kùn kejì, mo jókòó sí àyè mi àtijọ́. Wọn ò wò mí.

"Ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa," ni wọ́n wí. "Ọ̀nà Ọ̀fàdà ò dáa."