Ẹni Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀kán Omi

Ṣàngó, Ìlọrin,
Ọjọ́ Àlàmísì, 12 oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Abdulmumini,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ, mo kí ìyá àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ará ilé ní Jẹ́bà. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu sì ti gbọ́ oògùn. Ara àwa náà le níhìn-ín, a dúpẹ́. Ọkàn nìkan ni kò balẹ̀, tèmi gan-an sì ni mò ń sọ.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo ìgbà tí o bá ti gbé e ni mo ń bi ọ́ bóyá òjò rọ̀ ní Jẹ́bà. Ọkùnrin ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí, mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bàọ́lọ́jì, síbẹ̀ n kò lè sọ gbólóhùn kan fún ẹni tí a jọ jókòó lórí ẹní kan náà nílé kéwú. Ìwé sàn fún irú mi, kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ummu-Kulthum ọmọ rẹ kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Èmi ni mo ṣe é. Bí inú bá bí ọ níbi tí o kà dé yìí, jọ̀wọ́, má fa ìwé náà ya. Kà á parí nítorí ọmọ náà.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, àwòrán ni mò ń yà kiri. Kì í ṣe ti ìyàwó ọ̀ṣìngín tàbí ti olóyè o. Eèrà ni, labalábá ni, aláǹtakùn ni, àti òdòdó tí kò tó orí ìṣáná. Kamilah ọmọ mi ló ra lẹ́ńsì kan fún mi tí ń sọ ojú eṣinṣin di ńlá bí àwo ìjẹun. Àwọn ará àdúgbò máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní Tíṣà tún ti lóṣòó, ó ń wá owó tó sọnù. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ wa kan wà lórí Wásáàpù, a tó ogójì, níbi tí a ti ń fi ohun tí a bá yà han ara wa. Ìyìn àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ń dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ kó dùn mọ́ àgbàlagbà lọ.

Nígbà tí o fi Ummu-Kulthum fún Alfa Habibullah, o ní ọkàn rẹ balẹ̀ nítorí pé ẹ̀yìnkùlé mi ni ilé ọkọ rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ rẹ ṣì wà létí mi: "Àdìsá, ọmọ rẹ ni o. Bí ó bá ṣe ohun tí kò dáa, bá a wí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dójú tì í, bò ó." Ọgbà ewúro nìkan ló wà láàárín ilé wa méjèèjì. Ẹlẹ́hàá sì ni ọmọ náà, kò sí ọkùnrin tó ń rí i láìbora yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀. Bí èmi pàápàá bá fẹ́ já ewúro, n óò kọ́kọ́ wúkọ́, n óò sì sálámà kí n tó súnmọ́ ọgbà, kí ó lè wọlé tàbí kí ó borí. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣe òfin yìí fún wa. Ọdún mẹ́rin la fi pa á mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá, òjò dá, mo gbé kámẹ́rà jáde. Mo rí ẹ̀kán omi kan tó so rọ̀ ní ṣóńṣó ewé ewúro. Eèrà kan na ara rẹ̀ wálẹ̀ láti orí ewé náà, ó ń mu ún. N kò wúkọ́, kí eèrà náà má baà sá lọ. Títí dé ibí yìí, n kò tíì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo lóṣòó, mo yà á bí ìgbà mẹ́wàá.

Bí omi bá so rọ̀ bẹ́ẹ̀, Abdulmumini, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń hàn nínú rẹ̀, kékeré, ní oríkodò, ṣùgbọ́n kedere. Ògiri Habibullah ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ jáde wá sá aṣọ. Ẹ̀yìnkùlé ọkọ rẹ̀ ló wà, kò borí, irun rẹ̀ sì wà ní títú. N kò gbójú sókè wò ó. Ohun tí mo fi ń tan ara mi jẹ nìyẹn, mo ní omi ni mò ń wò. Ṣùgbọ́n mo rí i nínú omi náà, mo sì mọ̀ pé òun ni. Nígbà tó na ọwọ́ sókè sí okùn aṣọ, àwòrán náà dára débi pé àyà mi já. Ó ti sọ ọwọ́ kalẹ̀ kí n tó tẹ kámẹ́rà. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n wúkọ́. Mo dúró dè é kí ó tún ọwọ́ nà. Aṣọ bíi mẹ́jọ ló sá, mo sì wà níbẹ̀ títí ó fi parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó ti àwọn àwòrán yìí. Àwọn tí kò sí èèyàn nínú wọn wà, àárín wọn sì ni èyí tí eèrà ti hàn jù lọ wà. Mo fi í sílẹ̀, mo mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Mo ní ta ni yóò mọ̀, èèyàn tí kò tó kóró ata. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Eèrà ń mumi, ẹ̀yìnkùlé mi, Ṣàngó." Inú mi dùn títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí bí wọ́n ṣe ń yìn mí.

Ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́, Sufyan, ló fẹ àwòrán náà, tó sì yí i padà kí orí èèyàn inú rẹ̀ lè wà lókè. Kò ní èrò ibi, ẹnu ló yà á. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ wo obìnrin inú omi, ó ń juwọ́ sí Tíṣà." Kí ọjọ́ kejì tó parí, àwòrán náà ti kúrò láàárín wa, ó ti dé ọwọ́ àwọn tó mọ ògiri yẹn, tí wọ́n mọ ẹni tó ń gbé níbẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó Alfa tú irun sílẹ̀, ó ń juwọ́ sí bàbá arúgbó láti ẹ̀yìn ọgbà.

Habibullah wá bá mi lẹ́yìn ìrun Alásárì. Kò pariwo. Ó jókòó sórí ẹní, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Níwájú Ọlọ́hun, ṣé ẹ rí ìyàwó mi lọ́jọ́ yẹn?" Mo ní, "Wàláhì, n ò rí i. Eèrà ni mò ń yà." Ó tẹríba fún mi, ó ní kí n forí ji òun pé òun gba irú èrò bẹ́ẹ̀ láyè. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

N kò ronú ibi tí irọ́ náà yóò balẹ̀ sí. Àwọn èèyàn ní bí Tíṣà kò bá rí i, a jẹ́ pé òun ló rí Tíṣà, tó sì dúró síbẹ̀ tó ń juwọ́. Èyí tó tún burú jù ni pé lẹ́yìn tí Habibullah lọ, ẹ̀rù bà mí, mo nu gbogbo àwòrán ọjọ́ náà kúrò nínú kámẹ́rà. Inú wọn ni ibi tó ti kẹ̀yìn sí mi wà, àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mú aṣọ nínú bàsíà. Ẹni tó bá rí wọn yóò mọ̀ pé aṣọ ló ń sá, pé kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ẹ̀rí tí ìbá gbà á là ni mo fọwọ́ ara mi pa rẹ́. Kò kù ju ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ, ẹnu tó ti fi Ọlọ́hun búra èké.

Ní ọjọ́ kẹta, mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì nígbà tí Habibullah ní kí ọmọ rẹ padà sọ́dọ̀ rẹ, tí wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó ti bora láti òkè délẹ̀, ó ń gbé àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí n jáde. Mo sọ fún ará ilé pé orí ń fọ́ mi, mo lọ dùbúlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ ni o pè mí. O ní, "Àdìsá, jọ̀wọ́ forí jì mí. Ọmọ yìí dójú tì mí, ó sì tún fa ìwọ náà wọnú ẹ̀tẹ́. N ò bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti dé." Ìwọ ni o ń bẹ èmi. Mo sì dá ọ lóhùn bí ẹni rere, mo ní ọmọdé ni, kí o má bínú sí i jù. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jẹun, mo sì jẹ ẹ́ tán. N kò tíì rí bí mo ṣe lè gbàgbé oúnjẹ ọjọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ Ajé yìí, mo ń ṣàròyé fún Hùmúàní ìyàwó mi pé ẹnu àwọn ará àdúgbò ti gùn jù. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Kò gbójú sókè, ó kàn ní, "Mo rí yín lọ́jọ́ yẹn láti ojú fèrèsé kíṣìnnì. Mo rí ìgbà tí ọmọ náà jáde. Mo ń retí kí ẹ wúkọ́." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ jìnnà. Inú ilé mi ni òtítọ́ jókòó sí láti ọjọ́ yìí wá, tó ń gbé oúnjẹ fún mi.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo bá Habibullah lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, níwájú àwọn tó ti gbọ́ irọ́ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan àwọn àwòrán tí mo pa rẹ́. Ó wá ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi yà á?" Mo ní, "Ó rẹwà ni." Ó yí padà, ó lọ sílé. Mo kọ òtítọ́ náà sí ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú, mo ní kí gbogbo wọn nu àwòrán náà kúrò. Ẹnì kan bú mi dáadáa. Ṣùgbọ́n fóònù tó ti dé kọjá ohun tí mo lè kà, n kò sì ní agbára láti pè é padà.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Pe ọmọ rẹ jókòó, kí o ka ìwé yìí sí i létí láti òkè délẹ̀. Má fo ibi tí mo ti dúró dè é kí ó tún ọwọ́ nà. Bá a sọ̀rọ̀, kí o sì bẹ̀ ẹ́ fún ara tìrẹ. Ní tèmi, má bá mi bẹ̀ ẹ́, n kò ní kó tètè forí jì mí. Bí o bá sì fẹ́ kí ọ̀rẹ́ wa parí síbí, n kò ní jà ọ́ níyàn. O ní kí n bò ó, èmi ni mo tú u síta.

Kí Ọlọ́hun bo àṣírí àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ àgbà bí irú mi. Kí Ó fi ọkàn ọmọ náà balẹ̀, kí Ó má jẹ́ kí ẹ̀tẹ́ tí kò tọ́ sí i lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀. Kí Ó fún ìwọ náà ní ẹ̀mí gígùn nínú àlùbáríkà. Àmín.

Èmi ni ẹni tí o ti ń pè ní ọ̀rẹ́ láti ilé kéwú wá,
Àdìsá, Bàbá Kamilah.

Àfikún: Òwúrọ̀ Jímọ̀ ni mo tún ṣí ìwé yìí. Habibullah ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ní òun ń bọ̀ ní Jẹ́bà lọ́la láti wá mú ìyàwó òun, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ìwé yìí rán awakọ̀ Jẹ́bà kan lónìí, kí ó lè ṣíwájú rẹ̀ dé. Mo ní kí Habibullah kọ́kọ́ bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ padà wá. Ó wá sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, òun kò tíì bi í léèrè ohunkóhun, òun kàn ní kó di ẹrù rẹ̀ ni. Èmi náà kò bi í. Abdulmumini, ìwọ ńkọ́, ṣé o bi í?