Ìgò Tí Ẹ Gbé Lé Mi Lọ́wọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Adó ni mo ti ń kọ̀wé yìí, nínú yàrá kan náà ní àdúgbò Adébáyọ̀ tí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá wà láyé, ẹ̀ bá ti fa bíírò pupa yọ kí ẹ tó ka ìlà kẹta, ẹ̀ bá sì dá lẹ́tà náà padà sí mi pẹ̀lú máàkì lórí mẹ́wàá. Inú máa ń bí mi sí i nígbà náà. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí ẹnikẹ́ni kò bá mi tún ohun tí mo kọ ṣe.

Ara Màmá le. Wọ́n ti tún òrùlé ẹ̀yìn ilé ṣe. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́, ojú sì ń tì mí débi pé mo ti ya ìwé mẹ́ta dànù kí n tó dé ibí yìí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ wá láti ilé, tí ẹ kan ilẹ̀kùn mi kí n tó wẹ̀, ìgò kan wà nínú báàgì yín, ẹ fi ìwé ìròyìn wé e. Ìtọ̀ yín ni. Ó dúdú bíi tíì tí wọn kò bu mílíìkì sí. Ẹ ní àárọ̀ nìkan ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti mọ́. Ẹ kò wò mí lójú.

Ẹ ní, “Bá mi gbé e dé yàrá àyẹ̀wò níbi iṣẹ́ yín. Ìwọ nìkan ni mo lè gbé e fún.”

Mo gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé ṣáájú ọjọ́ náà. Aládùúgbò kan ló rí póò yín lọ́wọ́ Màmá, ló bá ń sọ ọ́ kiri pé tíṣà tó ń ka Bíbélì fún ìjọ ti lọ kó àtọ̀sí níta. Mo gbà wọ́n gbọ́, Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rọra kun orin bí ẹ bá ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tí ẹ máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ewúrẹ́ tó bá dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, mo gbà pé ẹ ṣe é.

Mo ro ti fọ́ọ̀mù tí màá kọ orúkọ yín sí, orúkọ tó jẹ́ tèmi náà, àti ojú tí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yóò fi wò mí. Nígbà tí mo dé àdúgbò Fájuyì, mo yà sí ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù, mo da ìtọ̀ yín sínú gọ́tà, mo sì ju ìgò náà sínú igbó.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ti bá mi gbá yàrá, ẹ jókòó ń dúró dè mí. Mo ní, “Wọn ò rí nǹkan kan, sà.” Mo tún fi kún un pé, “Ẹ ṣáà máa ṣọ́ra yín níta, Bàbá.”

Ẹ wò mí. Ọ̀rọ̀ náà yé yín. Ẹ ní, “O ṣeun, ọmọ mi,” ẹ sì gbé báàgì yín. Kí ló dé tí ẹ kò gbá mi létí? Kí ló dé tí ẹ kò bèèrè ìwé èsì?

Kò pẹ́ tí àwọn àgbà ìjọ fi ní kí ẹ sinmi ìwé kíkà. Mo wà nílé lọ́jọ́ ìsinmi náà. Ẹ kọjá àga iwájú lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, èmi sì tẹjú mọ́ ìwé orin mi bíi pé mo ń wá nǹkan nínú rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ yín ti funfun. Ẹ kò lè gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró sinmi nígbà mẹ́ta. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, mo rí i, mo dákẹ́. Nígbà tí inú rírun yín dé lákòókò òjò, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Àwọn tó wá sin yín kò kún ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì.

Lóṣù tó kọjá, aránṣọ kan àti ọkọ rẹ̀ wá sí yàrá àyẹ̀wò wa. Ọkọ ló gbé ìgò ìtọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e ní gbangba láìwé e. Ó dúdú bíi tiyín gẹ́lẹ́.

Ọ̀gá wa bi í pé, “Ṣé àárọ̀ nìkan ló máa ń rí báyìí?”

Obìnrin náà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tó bá di ọ̀sán, á ti mọ́.”

Ọ̀gá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó mú omi tó máa ń yọ lórí ẹ̀jẹ̀ tó bá ti dì, ó kán ásíìdì díẹ̀ sí i, ó da sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà pọ̀ mọ́ ọn, ó sì gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ṣe tèmi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi wé e. Nígbà tó yọ wọ́n, tèmi wà nísàlẹ̀ túùbù bó ṣe wà. Tirẹ̀ ti bẹ́, gbogbo omi náà ti pọ́n.

Ó sọ fún ọkọ pé, “Àwọn ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń pa àrùn. Sẹ́ẹ̀lì wa ní ohun kan lára tó ń dá wọn dúró kí wọ́n má bàa pa ará ilé. Ti ìyàwó yín kò ní in, ni wọ́n ṣe ń fọ́ ọ, tí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ìtọ̀ jáde. Kì í ṣe àtọ̀sí. Kì í ràn.”

Lẹ́yìn tí wọ́n jáde, ó nawọ́ sí àwọn ìgò kéékèèké inú fíríìjì, omi ìdánwò tí a fi ń mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ẹnì kan ní. Ó ní bí wọ́n bá lè ṣe irú omi bẹ́ẹ̀ tí yóò máa lẹ̀ mọ́ ohun tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì náà, ẹ̀kán kan péré la ó fi mọ ẹni tí kò ní in. Ó ní wọn kò tíì rí i ṣe.

Mo bi í pé, “Ọ̀gá, ẹni tí kò bá tètè wá ńkọ́?”

“Kò sí oògùn tó ń wò ó tán. Ṣùgbọ́n à bá máa fún un lẹ́jẹ̀. Ó lè lo ọdún púpọ̀ sí i.”

N kò lè búra pé òun ló ṣe yín, Bàbá. Ẹ̀rí tó wà, gọ́tà ló gbé e lọ.

Ní Sátidé mo lọ bá Màmá. Wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ wọn dúró.

“Ṣé kì í ṣe obìnrin?”

“Kì í ṣe obìnrin, Màmá.”

“Ó bẹ̀ mí pé kí n gba òun gbọ́. Mo kó ẹní mi kúrò ní yàrá rẹ̀. Ó kú láìsí ẹni tó dùbúlẹ̀ tì í.” Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. “Jáde nínú ulé yìí ná. Jẹ́ kí n rójú sunkún.”

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dìde. Mo ní, “Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ló jọ pé ó pa bàbá mi, kì í ṣe ìṣekúṣe. Wọ́n gbé ìtọ̀ wọn fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò, mo dà á nù, mo sì parọ́ fún wọn.” Ẹnì kan pòṣé. Àgbà ìjọ tó ní kí ẹ sinmi ìwé kíkà dorí kodò. Wọ́n dá orin. Níta, kò sẹ́ni tó kí mi. Màmá wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí ọkọ̀ fi dé, wọn kò fọwọ́ kàn mí. Wọ́n ní kí n má wá sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè mí. Wọn kò tíì ránṣẹ́.

Lánàá, ẹ̀jẹ̀ aránṣọ náà lọ sílẹ̀ gan-an. Ti ọkọ rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu. Tèmi bá a mu. Mo ní kí wọ́n fà á. A fi omi iyọ̀ fọ sẹ́ẹ̀lì náà kí a tó fà á sí i lára. Nígbà tó lajú, ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi.

“Ẹ ṣeun, àǹtí. Bàbá tó bí yín bí ire.”

Mo ní kí ó dìde. Kò dìde. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo sì kúnlẹ̀ fún yín lórí yanrìn. Ó pẹ́ kí n tó dìde. Ṣé ẹ rí mi?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò lè gbójú sókè wò yín.