Álíbọ́ọ̀mù Mẹ́ta Tí Kò Ní Fọ́tò

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun lásìkò? Àwa náà wà, ara wa dá, àfi orúnkún mi tó ń ké bíi máṣíìnì tí wọn ò fi epo sí. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀, ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n kọ ọ́ ṣókí, ṣùgbọ́n èmi ni mo mú bírò dání.

Fóònù tí o fi rán dírẹ́bà dé ọwọ́ mi láìfọ́. Dírẹ́bà ní o sọ pé álíbọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn gan-an, torí ó ti pé ọdún mẹ́rin tí a ti rí ojú rẹ kẹ́yìn. Mo nu gíláàsì ojú mi, mo gbá ṣọ́ọ̀bù, mo gbé àga méjì síta fún èmi àti kápẹ́ńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí a lè jọ wo fọ́tò. Bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. A dúró kó parí kí fọ́tò lè jáde. Orin mọ́kànlá ló kọ tán, a ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Kápẹ́ńtà ló wá rántí pé àwo orin lẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè bẹ́ẹ̀.

O ní kí n sọ bí wọ́n ṣe rí létí mi, ó dáa, màá sọ òtítọ́.

Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn lágbára, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní. Nígbà tó sọ ọ́ nígbà ogún, mo rò pé nǹkan ti há nínú fóònù, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, bí orin náà ṣe rí nìyẹn. Ìlù rẹ̀ yá ju máṣíìnì mi lọ. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀ lé e láìgbàṣẹ, kí n tó mọ̀, mo ti rán ẹnu apá ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá ilé ìwé pa. Tí o bá rí ọmọ náà, ní kó rọra.

Obìnrin inú álíbọ́ọ̀mù kejì yẹn ló wù mí. Ó ń kọrin jẹ́jẹ́ bí ẹni tó pọn ọmọ tó ń sùn, mo sì ń rọra tẹ máṣíìnì mi kí n má baà ta ọmọ náà jí. Ṣòkòtò mẹ́ta ni mo ṣẹ́ létí kó tó kọrin tán. Àmì ọkàn kékeré kan wà lábẹ́ orin náà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́ tí mo bá fẹ́ràn orin náà. Mi ò tẹ̀ ẹ́ o. Obìnrin yẹn lè lọ́kọ nílé.

Ẹ̀kẹta ni ti àgbà ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ há, tí obìnrin mẹ́ta ń ṣe elégbè fún. Mo ń gé aṣọ lọ́wọ́, mi ò tilẹ̀ fọkàn sí i, títí ó fi dé orin kẹrin. Ọkùnrin náà kọ tirẹ̀ tán, ó kan àwọn elégbè, ọ̀kan nínú wọn sì wọlé kí àwọn yòókù tó wọlé, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó sáré lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó máa ń wọlé bẹ́ẹ̀. Abẹ́ tábìlì mi ló ti máa ń kọrin, níbi tó ti ń ṣa bọ́tìnnì, tíṣà tó ń kọ́ wọn lórin sì wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí lẹ́ẹ̀mejì pé kì í dúró de ẹgbẹ́.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo tẹ àmì ọkàn yẹn, ó pọ́n, mo tún un tẹ̀ kó lè dájú, ó sì pa, ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe wà yẹn, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba ilé ìtọ́jú aláìsàn lọ níbi tí ìyá rẹ ti ń fọ aṣọ. Ó ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sórí okùn. Mo gbé fóònù sí i létí, mo ní kó gbọ́ ohun tí ọmọ tó sọ fún wa pé ọ́fíìsì lòun ti ń ṣiṣẹ́ ń ṣe. Ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó fún omi ara aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dànù, ó ní ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ìyẹn ni, pé orin méjì mìíràn tí o ti ṣe elégbè ṣì wà, pé èyí tí mo gbé wá yìí ni òun ń kùn nídìí ààrò láti ọdún tó kọjá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní èmi ni mo sọ lọ́jọ́ tí o ń lọ pé tó bá jẹ́ orin lo fẹ́ lọ kọ, kí n má gbọ́ ọ, ẹ̀yin méjèèjì sì ń pa àṣẹ mi mọ́. Mo bá a sá aṣọ tó kù.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti kó o jẹ. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo rò pé ebi ló máa ń pa akọrin. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní sí ọkùnrin iwájú yẹn, kó yẹra díẹ̀, ó ń dí ọ lọ́nà.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún okùn tí wọ́n ń kì bọ etí, torí kápẹ́ńtà ní tí òun bá tún gbọ́ orin kẹrin yẹn, òun á kó kúrò níbẹ̀. Fi owó aṣọ gidi kún un, torí èmi ni màá rán èyí tí o máa wọ̀ lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá dúró níwájú. Jẹ́ kí ẹnì kan wọ̀n ọ́ dáadáa, èjìká, àyà, ìbàdí àti gígùn, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé mi, ti ọmọ tó kúrò nílé lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni.

Ohùn rẹ kò ní há. Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ibi tí o bá ti lanu, wọ́n á dákẹ́ gbọ́ ọ. Èmi náà ń gbọ́.

Bàbá rẹ, télọ̀.