Òǹtẹ̀ Tó Ń Sọ Pé "A Ti Rí I"

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ohùn yín ò ní ha. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi. Akọ̀wé ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀, èmi ni mò ń tẹ òǹtẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fọ́ òkúta ládùúgbò wa gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ wa. Òǹtẹ̀ wa ń sọ pé, "A fọwọ́ sí i." Bí aráàlú bá kọ̀, a kì í tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí wọ́n tún òfin ìwakùsà ṣe, àṣẹ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba lókè. Wọ́n gba òǹtẹ̀ yẹn, wọ́n fún wa ní òmíràn: "A ti rí i."

Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ kan ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ilé àǹtí tó tọ́ mi dàgbà. Ògiri yàrá àǹtí ti lanu, aláǹgbá tí à ń fi pòwe ti di ayálégbé níbẹ̀. Àǹtí rí òǹtẹ̀ mi lára ìwé tó wà ní géètì ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní èmi ni mo gbà wọ́n láàyè. Mo ṣàlàyé títí, omi inú agbọ̀n ni.

Lọ́jọ́ Ajé, àǹtí mú ìwé ẹ̀sùn wá, wọ́n tò sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn. "Màdáàmù" ni wọ́n pè mí. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì mi, mo sì tẹ̀ ẹ́. Àǹtí kà á jẹ́ẹ́, wọ́n ká ìwé wọn.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ìwọ náà ti rí i."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ojú wo ni kí n fi wọ ilé yẹn?