"A" Ni Bàbá Máa Ń Sọ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀rọ̀ tó ń tù wá lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ẹ ṣáà pè mí ní aránṣọ Godomey.

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé, "A gbá bọ́ọ̀lù fún Dahomey ní Abíjàn," nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bára wọn díje. Fọ́tò wọn nínú mayó, ìyẹn aṣọ agbábọ́ọ̀lù, wà lára ògiri wa.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wá fẹ́ fi orúkọ Bàbá sọ ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù wọn. Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n ní, "Táyé ló wà nínú fọ́tò yẹn."

Táyé ni èkejì Bàbá, ìbejì ni wọ́n; ó ti kú kí wọ́n tó bí mi.

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, irọ́ lẹ ń pa fún wa látọjọ́ yìí?"

Wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́ 'mo' lẹ́nu mi rí?"

Mo ro ó títí. N ò gbọ́ ọ rí.

Lánàá, Bàbá gbé aṣọ wá kí n rán ẹ̀wù tí wọ́n máa wọ̀ lọ síbi ìdíje ife náà. Mo wọ̀n ọ́n, ó tó ẹni méjì. Mo ní ó ti pọ̀ jù. Wọ́n ní kí n fi rán ẹ̀wù méjì.

Olóòtú, ẹ̀yin olùgbọ́, orúkọ ta ni kí n ní kí wọ́n kọ sára ife náà?