Ohun Tó Wà Nínú Abọ́ Ọlọ́mọrí Màmá

Bàbá mi,

Ẹ má tíì pariwo mọ́ mi. Èmi àbígbẹ̀yìn yín ni mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù Màmá láàárọ̀ yìí, nígbà tí ẹ ṣì ń sùn. Ó pé ọdún méjì tí wọ́n ti kú, ẹ ò sì jẹ́ ká fọwọ́ kan àwo àtijọ́ wọn kankan.

Mo ti kó oògùn yín sínú àwọn ife kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹyin sísè kalẹ̀. Lẹ́tà yín wà nínú irin tí wọ́n ń to búrẹ́dì sí. Àwo ọbẹ̀ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni mo fi bomi rin òdòdó ojú fèrèsé. Ọwọ́ ẹ̀ kán mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí bí olè títí mo fi ṣí abọ́ ńlá ọlọ́mọrí tí Màmá máa ń lé wa kúrò nídìí ẹ̀ bí ẹní ń lé adìyẹ. Bọ́tìnnì ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́! Màmá náà ti ń fi àwo ṣe ohun mìíràn ṣáájú mi.

Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì búlúù yín wà níbẹ̀, èyí tí ẹ ló sọnù tí ẹ ò fi lè padà síbi iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Mo ti rán an mọ́ ọn. Ṣẹ́ẹ̀tì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń retí yín níbi iṣẹ́. Àwáwí ti tán.